Bí ẹ ṣe lè rí ojú ibi tó ń pa yín lẹ́kún nínú orin

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé orin wo ló dùn jù láyé, orin mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa gbọ́, ìjà gan-an lè bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ lórí ẹ̀. Ohun tí mo máa ń bèèrè báyìí ni pé "ibo gan-an nínú orin yẹn?" Torí kì í ṣe odidi orin ló ń mú orí èèyàn wú o, ojú ibì kan báyìí ni, nígbà míì gan-an kì í gùn ju ká mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ ká wá ojú ibẹ̀.

Ẹ mú orin kan, ọ̀kan péré, èyí tó ti mú omi lé sí yín lójú rí. Mi ò sọ pé èyí tí gbogbo ayé ní ó dáa o, èyí tó ti ṣe ẹ̀yin rí ni. Ẹ ki íápíìsì bọ etí, ẹ pa dátà kí mẹ́sẹ́ẹ̀jì má lọ já wọlé láàárín, ẹ jókòó tàbí kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má máa fọ abọ́ lọ́wọ́ jàre. Ẹ jẹ́ kó kọ tán. Tí irun apá bá ti dìde, tàbí tí nǹkan bá fún yín lọ́fun, ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó wà lójú fóònù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tèmi jẹ́ 2:47. Ẹ tún un gbọ́ lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ ojú ibẹ̀ náà ló tún ti mú yín, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ibí yìí wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á máa tẹ 2:47 yẹn lérí tẹ̀ ẹ́ nídìí. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ní 2011, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì McGill ní Kánádà wo inú ọpọlọ àwọn tó ń gbọ́ orin tí wọ́n fúnra wọn yàn, wọ́n rí i pé dopamine, èròjà tí ọpọlọ máa ń tú jáde tí nǹkan bá dùn mọ́ wa, ti ń jáde kí ibi tó dùn jù yẹn tó dé rárá. Ibì kan nínú ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń retí ẹ̀, ibòmíì ló gbà á nígbà tó dé. Ara ti mọ̀ pé ó ń bọ̀! Ìrètí yẹn ni olórin fi ń mú wa, á sún un síwájú, á tún sún un síwájú, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó sú wa ló máa tó wá gbé e kalẹ̀.

Kí lẹ máa wá nínú ìdajì ìṣẹ́jú yẹn? Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ohùn tó kọ́kọ́ bọ́ síbi tí kò yẹ ẹ́. Akọrin á gbé ohùn lé ibì kan tí kò bá dùùrù tó wà lábẹ́ ẹ̀ mu, á dúró síbẹ̀ díẹ̀, etí yín á ti máa bẹ̀ ẹ́ pé jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, á wá yọ̀ wẹ́rẹ́ bọ́ síbi tó yẹ kó ti wà látẹ̀yìn wá. Appoggiatura làwọn olórin ń pè é, ọ̀rọ̀ Ítálì ni. Ní 1991, John Sloboda tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde, èèyàn 83 ló bá a dáhùn ìbéèrè, nígbà tó sì yẹ ojú ibi tí wọ́n tọ́ka sí wò, ohùn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ níbi tó ń mú omijé wá, àmọ́ ibi tó ń mú ara gbọ̀n, kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí wọ́n jọ ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó yí padà lójijì ló pọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ò bá mọ nǹkan kan nípa kọ́ọ̀dù, kò burú, ẹ kùn ún lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀fun yín ò bá ti fẹ́ dúró, tó ń fà yín lọ sísàlẹ̀, òun nìyẹn.

Ohun kejì ni àlàfo. Adagio for Strings, orin kan tí Samuel Barber kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ lù lórí rédíò ní Amẹ́ríkà ní 1938, ohun èlò olókùn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ìlù, kò sẹ́ni tó ń kọrin, á kàn máa gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, á máa le sí i, títí á fi dé òkè téńté tí ẹ ò ní rò pé ó tún níbi tó lè lọ, á wá dákẹ́. Pátápátá! Ibi ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń pa mí, kì í ṣe ariwo tó ṣáájú ẹ̀. Torí náà ẹ máa fetí sí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ìlù tó dáwọ́ dúró, gìtá tó yọ́ lọ. Àwọn yòókù ò le láti mọ̀: ohùn tó fẹ́ sán, ègbè tó gbè é lẹ́yìn lójijì, orin tó fò sókè bọ́ sí kíì míì, ìyẹn ni pé gbogbo orin náà gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà (ìyẹn ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn olórin, kì í mú mi mọ́).

Ọ̀rọ̀ inú orin ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún nínú orin tèmi yẹn, akọrin ń kọrin nípa ìyá ẹ̀, ta ni ò ní sunkún. Àfi ọjọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀dà tí wọ́n ti yọ ohùn ẹ̀ kúrò, tó ku ohun èlò orin nìkan, tí omi tún ń dà lójú mi ní ojú ibẹ̀ náà, mo bá padà sẹ́yìn, àṣé béèsì ni, ohun èlò tó ń dún nísàlẹ̀ yẹn, kò tíì dún látìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wọlé. Ẹ dán tiyín wò. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sókè láìkọ ọ́ lórin, tó bá ṣì ń mú yín, ọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, mo gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin ìfẹ́, tẹ́ ẹ bá kà á báyẹn, ẹ̀rín lẹ máa rín.

Ẹ tún yẹ ẹni tẹ́ ẹ fi ń rántí wò. Tó bá jẹ́ orin tẹ́ ẹ jọ ń gbọ́ kó tó kú tàbí kó tó já yín sílẹ̀, ìrántí ni ìdajì ẹkún yẹn. Ẹ fún ẹlòmíì gbọ́, ẹ má sọ ojú ibẹ̀ fún un, ẹ kàn máa wò ó. Bí nǹkan kan ò bá ṣe é, ẹ má bínú sí i o. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Barcelona fi hàn pé àwọn kan wà tí nǹkan míì ń dùn mọ́ dáadáa, bí kí wọ́n rí owó gbà, tí etí wọn ò sì ní àbùkù, ṣùgbọ́n tí orin kì í ṣe nǹkan kan fún. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ojú ibẹ̀, ẹ má lò ó lálòjù. Èmi fi tèmi ṣe àláàmù tó ń jí mi láàárọ̀, ẹ wo ìwà òmùgọ̀, kó tó tó oṣù kan ó ti di ariwo lásán létí mi, mo kàn ń wá ibi tí mo máa tẹ̀ kó dákẹ́. Mo pa á tì fún bí ọdún kan. Ìgbà tí mo tún gbọ́ ọ, 2:47 kọjá, kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo ní ó tán nìyẹn, bó ṣe dé 4:10 báyìí, ibi tí mi ò kà sí rí, orí mi wú.