Háhá Àgbàdo Di Òkè Ṣáínà

Ọdún 2011 ni mo yà sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kan tí mi ò níṣẹ́. Mo bá àwòrán òkè kan níbẹ̀, ó ga tó mítà 5: òkè, igi, kùrukùru, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń fi tàdáwà yà á láti ayébáyé. *Shan shui* ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òkè òun omi. Ni mo bá yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Pàǹtí! Ẹ̀ka gbígbẹ, háhá àgbàdo, ọ̀rá, bébà rírún, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n jákujàku. Xu Bing, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà, ló ṣe é, àwòrán tí Wang Shimin yà ní 1654 ló ń wò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Lóṣù tó kọjá ni mo kan àpótí ìgbọ̀nwọ́ kan, mo fi dígí sójú rẹ̀, mo kó pàǹtí tèmi sínú rẹ̀, mo tan gílóòbù sẹ́yìn. Gbogbo pàǹtí hàn kedere bí ààtàn. Mo wá fi bébà tí wọ́n ń tẹ́ sínú páànù kéèkì lẹ inú dígí, ó bá dà bíi fèrèsé ilé ìwẹ̀.

Ibẹ̀ ni idán wà. Ohun tó bá fara kan bébà á dúdú, etí rẹ̀ á mú. Fà á sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka kan, á di bàìbàì; ìka mẹ́ta, á di òkè ọ̀ọ́kán. Ìlà wẹ́wẹ́ ara háhá àgbàdo ló sì di pàlàpálá àpáta, mi ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rárá.

Kùrukùru ló fìyà jẹ mí. Mo kó òwú síbẹ̀, ó dúdú bí èéfín jẹnẹrétọ̀. Àṣé nínú àwòrán àwọn ará Ṣáínà, ibi tí wọn ò yà ni kùrukùru! Mo yọ òwú, mo fi àlàfo sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó tán.

Àwọn mìíràn náà ń dá irú àrà yìí. Yang Yongliang, ọmọ Shanghai, ń fi fọ́tò ilé àwòṣífìlà àti kíréènì to òkè lórí kọ̀ǹpútà. Yao Lu ń lo fọ́tò òkìtì pàǹtí tí wọ́n fi àwọ̀n aláwọ̀ ewé bò. Wọ́n dáa, àmọ́ tiwọn ò lẹ́yìn téèyàn lè yọjú wò.

Ìyàwó mi wọlé, ó yin òkè náà títí. Mo ní kó wo ẹ̀yìn.

"Bàbá Ìbejì, ṣé pàǹtí tí mo ní kẹ́ ẹ lọ dà nù láti ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ́ nìyí?"