Bó o ṣe máa ka ẹkọnọ́míìsì ní yunifásítì ìjọba tó sì máa yé ẹ

Ẹni tó bá rò pé ìtàn owó lásán ni ẹkọnọ́míìsì, ọdún kìíní ni ojú ẹ̀ ti máa là. Mátíìsì ló pọ̀ níbẹ̀ jàre. Tó o bá ti gbàgbé differentiation, ìyẹn mátíìsì tí wọ́n fi ń wo bí nǹkan kan ṣe ń yí padà tí òmíì bá yí padà díẹ̀, tètè padà lọ kọ́ ọ, torí gbogbo marginal tí wọ́n ń pè yẹn, ìyẹn àfikún tí ẹyọ ọjà kan sí i ń mú wá, marginal cost (àfikún ìnáwó) ni o, marginal revenue (àfikún owó tó ń wọlé) ni o, differentiation náà ni, wọ́n kàn wọṣọ míì fún un ni. Statistics náà, má fi ṣeré, òun ló ń padà wá di econometrics, ìyẹn fífi statistics yẹ ọ̀rọ̀ ẹkọnọ́míìsì wò.

Èrò máa ń pọ̀ ní kíláàsì yunifásítì ìjọba, olùkọ́ ò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ò yé ẹ. Wá èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tẹ́ ẹ jọ máa kàwé, kì í ṣe àwọn tẹ́ ẹ jọ máa tàkúrọ̀sọ o, kó o máa dìde ṣàlàyé fún wọn láì wo ìwé. Ibi tó o bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni ò tíì yé ẹ.

Èmi, definition ni mo kọ́kọ́ ń há sórí. Ìdánwò dé, wọ́n ní ká ya gíráàfù ká ṣàlàyé ẹ̀, mo kọ definition kún ojú ewé méjì, 4 nínú 20 ni mo rí gbà. Látìgbà yẹn ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ya gbogbo ẹ̀. Price lóròó, quantity níbùú, bí Alfred Marshall, onímọ̀ ẹkọnọ́míìsì ará England, ṣe yà á nínú ìwé tó gbé jáde ní 1890 nìyẹn, ó sì ń da àwọn ọmọ mátíìsì láàmú dòní, torí ìbú làwọn máa ń fi ohun tó ń fa ìyípadà sí. Tí ọjà bá wọ́n, orí ìlà dìmáǹdì (iye ọjà tí àwọn èèyàn fẹ́ rà) kan náà la ṣì wà, a kàn sún sókè lórí ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé owó tó ń wọlé fún àwọn tó ń rà á ló pọ̀ sí i, ìlà yẹn fúnra ẹ̀ ló máa kúrò níbi tó wà.

Elasticity ńkọ́, ìyẹn bí iye tí wọ́n ń rà ṣe ń yí padà tó tí owó ọjà bá yí padà? Gba bírò. Ká ní dìmáǹdì jẹ́ Q = 100 − 2P, Q ni quantity, P ni price. Tí P bá jẹ́ 10, Q á jẹ́ 80, elasticity á jẹ́ 2 lọ́nà 10, ká wá pín in sí ọ̀nà 80, ìyẹn 0.25, ká gbàgbé àmì mínọ́ọ̀sì iwájú ẹ̀ ná. Tí P bá di 40, Q á ku 20, elasticity á fò sókè di 4. Ìlà tó gún régé kan náà mà ni o! Slope ò yí padà rárá. Ibi tí P bá ti jẹ́ 25 ló ti máa jẹ́ 1 géérégé, ibẹ̀ náà ni owó tó ń wọlé fún ẹni tó ń tà ti pọ̀ jù, 1,250. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an.

Ní ti macro, ìyẹn ẹkọnọ́míìsì orílẹ̀-èdè lápapọ̀, ṣáà ti mọ ìyàtọ̀ nominal (iye owó bí wọ́n ṣe kà á) àti real (ohun tí owó yẹn lè rà): tí owó oṣù bá fi 10% lé, tí ọjà wá fi 15% wọ́n sí i, owó oṣù yẹn ti dín kù ní real nìyẹn.

Pásìkúẹ́ṣọ̀n náà, má kàn máa kà á bí ìwé ìròyìn, gbé aago síwájú, ti ìwé pa, kó o kọ ìdáhùn ẹ̀ tán pátápátá, gíráàfù ẹ̀ náà, kó o tó lọ wò ó bóyá o gbà á.