Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Gbé Sáfà ESXi Lọ Sí Ẹ̀yà Tuntun

ESXi ni sọ́fúwíà VMware tó ń jẹ́ kí sáfà kan ṣiṣẹ́ bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà (VM) lẹ́ẹ̀kan náà. Àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún ESXi 6.7 ti parí láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ti 7.0 náà sì parí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ìdí nìyí tí ojú fi ń kán ọ̀pọ̀ alábòójútó sáfà láti bọ́ sí 8.0, tí wọ́n sì ń ṣe ohun tí wọn ò bá má ṣe ká ní wọ́n fara balẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn gbà pé bí ẹ̀yà tuntun ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, òun á kàn padà sí ti àtijọ́. Lóòótọ́, ESXi máa ń fi ẹ̀yà tó lò kẹ́yìn pa mọ́ sórí dísíìkì, téèyàn bá sì tẹ Shift+R nígbà tí sáfà bá ń tàn, ó lè padà sí i. Àmọ́ láti 6.7 lọ sí 7.0 tàbí 8.0, Shift+R ò lè gbà yín, torí pé láti 7.0 ni wọ́n ti tún dísíìkì náà pín lọ́nà mìíràn. Ohun tó kù ni kí ẹ fi 6.7 sórí sáfà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dá àwọn ètò rẹ̀ padà láti inú fáìlì tí ẹ ti tọ́jú. Ṣé ẹ tọ́jú ẹ̀? Ẹ wọ sáfà náà láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú SSH, kí ẹ tẹ:

vim-cmd hostsvc/firmware/sync_config
vim-cmd hostsvc/firmware/backup_config

Yóò fún yín ní àdírẹ́sì fáìlì .tgz kan tí àmì * wà nínú rẹ̀. Ẹ fi IP sáfà náà rọ́pò àmì yẹn, kí ẹ dánlóòdù fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà build (nọ́ńbà tó ń fi ẹ̀dà ESXi gan-an hàn) sáfà náà sílẹ̀ pẹ̀lú, torí pé build kan náà nìkan ni fáìlì yẹn lè ṣiṣẹ́ lé lórí.

Àwọn kan tún máa ń gbé sáfà lọ sí 8.0 kí wọ́n tó kan vCenter, ìyẹn sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń ṣàbójútó àwọn sáfà ESXi pa pọ̀. vCenter 7.0 ò lè ṣàbójútó ESXi 8.0 rárá, nítorí náà vCenter ló ń ṣíwájú. Ẹ sì wò ó bóyá sọ́fúwíà tí ẹ fi ń ṣe backup mọ ẹ̀yà tuntun náà, kó má baà jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ máa tó mọ̀ pé kò sí backup kankan tó wọlé lóru.

Ọ̀rọ̀ driver, ìyẹn sọ́fúwíà kékeré tó ń jẹ́ kí ESXi lè lo káàdì inú sáfà, gba sùúrù gan-an. Wọ́n yọ vmklinux, tí àwọn driver àtijọ́ ń lò, kúrò pátápátá ní 7.0, nítorí náà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí ti dísíìkì tó gbára lé driver àtijọ́ lè dẹni tí sáfà ò rí mọ́. Bí káàdì yẹn bá ni ẹ fi ń wọ sáfà náà, iwájú rẹ̀ gan-an lẹ máa lọ jókòó sí. Ẹ tẹ esxcli network nic list, kí ẹ wo orúkọ driver káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkójọ ẹ̀rọ tó bá 8.0 mu. Tó bá jẹ́ ESXi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe sáfà yín pèsè lẹ ń lò, irú rẹ̀ náà ni kí ẹ fi gbé e sókè. Ẹ má ṣe lo esxcli software profile install níbi tí profile update ti tó: install máa ń yọ ohun tí kò bá sí nínú profile (àkójọ sọ́fúwíà ESXi) tuntun, àní driver tí ẹ nílò. Ẹ kọ́kọ́ fi --dry-run sí i, èyí tó ń fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ hàn láì yí nǹkan kan padà, kí ẹ ka ohun tó bá sọ tán.

Bí sáfà bá ń tàn láti orí káàdì SD, ẹ gbé e kúrò ńbẹ̀. Láti 7.0 ni ESXi ti ń kọ nǹkan sórí dísíìkì náà púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, SD ò sì lè gbé e pẹ́. SSD tó kéré tán 32 GB ló dáa.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ má sáré gbé hardware version (ẹ̀yà ẹ̀rọ tí VM ń rí) àwọn VM sókè. VM tó bá ti dé 20 ò ní tàn lórí sáfà tó ṣì wà ní 7.0. Ẹ jẹ́ kí gbogbo sáfà inú cluster (àwọn sáfà tí wọ́n so pọ̀) dé 8.0, kí ẹ mú VMware Tools (sọ́fúwíà tí wọ́n ń fi sínú VM) bágbà mu, kí ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan ná.