Bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí "get" ń sọ nínú gbólóhùn

Ẹ ṣí díkíṣọ́nárì wo "get", ìtumọ̀ ẹ̀ á lọ súà, ẹ má dẹ̀ wulẹ̀ há a sórí jàre. Ohun tó bá tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ máa wò, òun ló máa sọ fún yín.

Tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan, ọ̀rọ̀ gbígbà, rírà tàbí mímú wá ni: "I got a letter", lẹ́tà tẹ̀ mí lọ́wọ́, "get me a chair", bá mi gbé àga wá. Ìyẹn ò le. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, a jẹ́ pé nǹkan ń yí padà nìyẹn: "it's getting dark", ilẹ̀ ti ń ṣú. "She was angry" kàn ń sọ pé inú ń bí i ni, àmọ́ "she got angry", inú ò bí i tẹ́lẹ̀ o, ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Tó bá jẹ́ ibì kan, ó ti di pé èèyàn débẹ̀, "get to the station", ṣùgbọ́n "home", "here" àti "there" kì í gba "to", "get home" ni.

Ibi tó ń dà rú mọ́ èèyàn lójú jù rèé. "I cut my hair" àti "I got my hair cut" kì í ṣe ọ̀kan náà o! Ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú sísọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ gé e, ti ìkejì, ẹlòmíì ló bá yín gé e. Ní Yorùbá, tá a bá ti ní "mo gẹrun", kò sẹ́ni tó máa bi wá pé ta ló bá wa gẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń gbàgbé "got" yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "I got my phone repaired". Àmọ́ ẹ wo "I got my finger caught in the door", ta ló máa bẹ ẹlòmíì pé kó pa ilẹ̀kùn mọ́ òun níka? Jàǹbá nìyẹn, bí wọ́n ṣe to gbólóhùn náà ò yàtọ̀, orí pípé lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Tó bá jẹ́ pé ẹ mú kí èèyàn ṣe nǹkan, "to" gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́: "I got him to sign", ẹ rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà nìyẹn. "Make" ò gba "to" ní tiẹ̀, "I made him sign", ìyẹn sì máa ń ní tipátipá nínú.

"I get it" ni pé ó ti yé mi, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan.

"Gotten" ńkọ́? Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lò ó jù. Lẹ́nu wọn, "I've got a car" ni pé mo ní mọ́tò, "I've gotten a car" ni pé mo ti wá rí mọ́tò. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Britain lẹ̀ ń tẹ̀ lé, ẹ fi "gotten" sílẹ̀.

Nínú lẹ́tà iṣẹ́, "receive" tàbí "become" sábà máa ń bá a mu ju "get" lọ, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ kọ "I became married" o, "I got married" ni wọ́n ń sọ.