Ilẹ̀kùn ọgbà tí káfíńtà ṣe, tí mo tún ṣe

Kò pé oṣù méjì tí káfíńtà gba 60,000 fàráǹkì lọ́wọ́ mi tí ilẹ̀kùn ẹnu ọgbà wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ gbùrùrù. Pákó tútù ló kó wá. Ọyẹ́ kàn fẹ́ sí i ni, pákó súnkì, àlàfo tó gba ìka là sáàárín wọn. A ó jókòó sídìí oúnjẹ, a ó máa sọ "ẹ bá wa ire" fún gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sọ́jà. Kí ni mo wá fi owó ṣe ọgbà fún? Nínú Kétu orílẹ̀-èdè Benin yìí náà, ìlú Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ tí àlejò ń ti òkèèrè wá wò, ni èmi kò ti rí ilẹ̀kùn tì!

Mo pe káfíńtà. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn kò dé títí mo fi tú ilẹ̀kùn náà kalẹ̀ fúnra mi.

Ti wíwọn àti gígé, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti kan àga rí mọ̀ ọ́n. Pákó tíìkì tó ti gbẹ ni mo rà, mo sì jẹ́ kí etí ọ̀kan gun èkejì díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí ni igi tó gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti igun dé igun. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, lápá àgbékọ́, irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ òpó, kí orí rẹ̀ lọ sókè lápá ibi tí a ń tì, kó lè gbé ẹrù. Òdì ni káfíńtà kan tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ìyá àwọn ọmọ wá wo iṣẹ́ ọ̀gá.

Ẹ̀rín mi yá jù. Mo gbé ilẹ̀kùn tuntun kọ́, ó wọ́lẹ̀. Mo fi ayùn rẹ́ ìdí rẹ̀, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ kejì, ó tún wọ́lẹ̀. Mo tún rẹ́ ẹ. Mo pààrọ̀ àgbékọ́ méjèèjì, mo fi ẹ̀kẹta kún un, 4,500 fàráǹkì wọgbó. Ó wọ́lẹ̀. Nígbà tí mo rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, adìyẹ ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bàbá kan ládùúgbò, bíríkìlà àtijọ́, dúró ń wò mí. "Ọmọ mi, òpó ló ṣẹ̀ ọ́, ilẹ̀kùn lò ń bá jà." Wọ́n so òkúta mọ́ okùn, wọ́n fi orí okùn ti orí òpó. Lókè, okùn fara kan igi. Nísàlẹ̀, ìka mẹ́ta wọ àárín wọn. Òpó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù ṣe ń fà á.

Ta ló ri òpó? Èmi ni. 30 sẹ̀ǹtímítà péré ni mo gbẹ́, torí ilẹ̀ pupa yẹn le, oòrùn sì ń mú. Mo gba ìdajì èébú káfíńtà sórí ara mi. Ìdajì ni o. Pákó tútù ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Mo hú òpó, mo gbẹ́ ihò dé 70, mo fi ọ́ìlì ẹ́ńjínì dúdú pa ìdí igi nítorí ikán, mo da kọnkéré sí i. Bàbá ní bí mo bá gbé nǹkan kọ́ ọ kó tó pé ọjọ́ méje, kí n má pe àwọn mọ́. Ọjọ́ méje ni ilẹ̀kùn fi fara ti ògiri, tí ìyàwó mi ń kí i láràárọ̀ bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.

Gbogbo rẹ̀ ná mi ní 34,000. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, okùn àti òkúta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wá ayùn.

Káfíńtà yọjú níkẹyìn. Ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ó ní, "Ta ló bá yín ṣe é?" Mo ní kó kọ́kọ́ mú owó mi wá.

Bí òjò bá pọ̀, ó máa ń wú díẹ̀, mo sì ní láti fi ìbàdí tì í kó tó pa dé. Ayùn wà nínú ilé. Mi ò ní mú un jáde.