Bí A Ṣe Ń Fi Àwọn Ẹ̀dà Àlọ́ Cinderella Wéra

Ẹ ní kí èèyàn mẹ́ta sọ àlọ́ Cinderella. Ẹnì kan á sọ nípa elégédé tó di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ẹnì kejì á sọ nípa ẹyẹlé tó yọ ojú àwọn ọmọ ìyàwó bàbá, ẹnì kẹta á rántí àwọn eku tó ń rán aṣọ. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ti Perrault ará Faransé ni ti àkọ́kọ́, ó jáde lọ́dún 1697. Ti àwọn Grimm ní Jámánì ni èkejì. Fíìmù Disney ti 1950 ni ìkẹta. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n wéra á kàn to ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀ bí ọjà orí àtẹ: èyí ní elégédé, ìyẹn ò ní. Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àlọ́ dà bí ilé tí òpó gbé ró. Tí wọ́n bá yọ òpó kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òrùlé á wó. Ohun tó yẹ ká máa wá nìyẹn: kí ni wọ́n yọ, kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí sì ni ìrọ́pò náà yí padà níwájú.

Mímú ẹ̀dà

Ẹ mú mẹ́ta. Tó bá jẹ́ méjì péré, ẹ máa rí i pé wọn ò jọra, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ èyí tó yà kúrò lọ́nà. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, tí méjì fohùn ṣọ̀kan tí ọ̀kan dá yàtọ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa tẹjú mọ́. Tó bá ti ju márùn-ún lọ, ẹ ò ní ráyè wo inú èyíkéyìí dáadáa. Perrault 1697 àti Grimm 1857 dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ wá fi ọ̀kan tó jìnnà sí wọn kún un: Ye Xian ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí Duan Chengshi kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 850, tàbí ti Basile ará Naples, tó jáde ní 1634.

Ẹ má fojú kéré ọdún o. Àwọn Grimm tẹ ìwé wọn lẹ́ẹ̀meje láàárín 1812 sí 1857, wọ́n sì ń tún àwọn àlọ́ inú rẹ̀ kọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Aschenputtel ni wọ́n pe Cinderella tiwọn, nọ́ńbà 21 ló wà nínú ìwé náà. Ní 1812, ìyá tó wà lójú ikú ló sọ fún ọmọ pé kó gbin igi sórí ibojì òun, kò sì sí ẹyẹ tó yọ ojú ẹnikẹ́ni. Ní 1819 ni yíyọ ojú wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé “Grimm sọ pé” láìsọ ọdún ti da ìwé méjì pọ̀ mọ́ra. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ wá orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ àti ọdún tó túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Margaret Hunt, 1884, tẹ̀ lé ẹ̀dà ìkẹyìn, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ìwé ọwọ́ yín bá kàn sọ pé wọ́n tún un sọ fún àwọn ọmọdé, ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ṣojú Grimm.

Fún fíìmù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọmọ ta ni. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n ti 1997, níbi tí Brandy ti ṣe Cinderella tí Whitney Houston sì ṣe ìyá ìsàmì rẹ̀, ọmọ eré orin Rodgers àti Hammerstein ni, èyí tí Julie Andrews ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1957. Ẹni tó bá fi ti 1997 wé Perrault tààrà ti fo ìyá, ó lọ bá ìyá àgbà. Ohun tó máa kà sí ọgbọ́n àwọn tó ṣe ti 1997 lè ti wà nílẹ̀ láti 40 ọdún ṣáájú.

Ìwé onílà

Ẹ fa ìlà sórí ìwé fífẹ̀ tàbí kí ẹ ṣí i sórí kọ̀ǹpútà: ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀ lókè, ìbéèrè 10 ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe nínú àlọ́ ni kí ìbéèrè máa dárúkọ, kó má jẹ́ nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ẹ má kọ “elégédé”, ẹ kọ “kí ló gbé e dé òde?” Tí ẹ bá kọ elégédé, òpó Perrault nìkan ló máa kún, tàwọn yòókù á ṣófo, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan fi wéra. Àwọn mẹ́wàá tó máa ń tó nìyí: ta ló kú, bàbá ńkọ́, ta ló ń fìyà jẹ ọmọ, iṣẹ́ wo ló sì ń bù fún un, ta ló ràn án lọ́wọ́, níbo ni agbára olùrànlọ́wọ́ ti wá, ẹ̀ẹ̀melòó ló jáde lọ sóde, kí ló dé tó fi kúrò níbẹ̀, kí ló já sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe rí i, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fìyà jẹ ẹ́.

Ẹ ka ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ka ti àkọ́kọ́ láìdúró, láìmú bírò. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an kún àwọn àpótí náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé, tàbí ìṣẹ́jú tó bá jẹ́ fíìmù. Níbi tí nǹkan ò bá sí, ẹ kọ “kò sí”. Àpótí tó ṣófo kì í sọ fúnni bóyá nǹkan ò sí ni, tàbí ẹ ò tíì wá a.

Má gbára lé ìrántí. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nìyẹn, torí pé gbogbo èèyàn ti wo fíìmù 1950 kó tó ka ìwé kankan, ojú fíìmù náà ló sì máa fi ka ìwé. Á rí aago méjìlá òru níbi tí kò sí.

Ta ló ràn án lọ́wọ́?

Nínú gbogbo ìbéèrè mẹ́wàá, èyí ló lọ́ràá jù, àfi ká dúró tì í.

Lọ́dọ̀ Perrault, ìyá ìsàmì ọmọ náà ni, iwin sì ni. Ó gbẹ́ inú elégédé, ó fi ọ̀pá kàn án, ó di kẹ̀kẹ́. Èkúté mẹ́fà di ẹṣin, eku ńlá kan di awakọ̀, alángbá mẹ́fà tó wà lẹ́yìn agolo tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà di ìránṣẹ́. Lọ́dọ̀ Grimm ní 1857, kò sí iwin kankan. Bàbá ń lọ sí ọjà, àwọn ọmọ ìyàwó rẹ̀ ní kó ra aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ bọ̀. Aschenputtel ní kó mú ẹ̀ka àkọ́kọ́ tó bá kan fìlà rẹ̀ wá fún òun. Ẹ̀ka igi hazel ni. Ọmọ náà gbìn ín sórí ibojì ìyá rẹ̀, omijé rẹ̀ ló fi bomi rin ín títí ó fi di igi, ẹyẹ funfun sì ń bà lé e láti fún un ní ohun tó bá fẹ́. Lọ́dọ̀ Basile, ọ̀pẹ déètì tó ti ọ̀dọ̀ iwin kan ní Sardinia wá ni. Lọ́dọ̀ Ye Xian, ẹja ni: ó ní lẹbẹ́ pupa àti ojú wúrà, inú abọ́ ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín títí ó fi tóbi kọjá abọ́ tó lọ sínú adágún. Ìyàwó bàbá wọ aṣọ ọmọ náà kó lè tan ẹja náà jáde, ó pa á, ó jẹ ẹ́, ó sì fi egungun rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ààtàn. Egungun yẹn ló wá ń fún ọmọ náà ní gbogbo ohun tó bá béèrè.

Ẹ wo ohun tí èyí fà. Agbára ti Perrault, yíyá ni wọ́n yá a, ó sì ní àkókò tí wọ́n máa gbà á padà: aago méjìlá òru. Torí aago ló ṣe sáré, torí pé ó sáré ni bàtà fi bọ́. Ṣùgbọ́n agbára ti Grimm 1857 ti inú ibojì ìyá ẹni wá, kò sẹ́ni tó máa wá gbà á padà, nítorí náà kò sí aago méjìlá níbẹ̀. Ìgbà tó wu ọmọ náà ló ń lọ sílé. Wàhálà ti dé bá àlọ́ nìyẹn: tí kò bá sí ohun tó ń lé e, báwo ni bàtà ṣe máa bọ́? Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọba fi ní kí wọ́n da ọ̀dà tó ń lẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ní alẹ́ kẹta, tí bàtà ẹsẹ̀ òsì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dà ló ń ṣe iṣẹ́ aago. Ẹni tó bá kọ “aago” sí ìlà kan, tó kọ “ọ̀dà” sí òmíràn, kò ní rí i láéláé pé àpótí kan náà ni wọ́n.

Ẹ wá tẹ̀ lé ìlà bàbá. Ó wà láàyè lọ́dọ̀ Grimm, òun náà ló sì gbé àáké tí wọ́n fi wó ilé ẹyẹlé àti igi píà tí ọmọ rẹ̀ sá sí. Fíìmù 1950 ti pa á láti ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ikú yẹn, ìbéèrè pé “kí ni bàbá ń wò níran?” ti kúrò nílẹ̀, gbogbo ẹ̀bi wá bọ́ sórí ìyàwó rẹ̀. Àpótí kékeré lásán ni, ó sì yí ìdájọ́ gbogbo àlọ́ padà.

Bàtà kejì náà tún nìyẹn. Lọ́dọ̀ Perrault, lẹ́yìn tí bàtà ti bá a mu, ó kàn fa ìkejì yọ nínú àpò rẹ̀. Ẹ̀rí tó lé lórí ẹ̀rí ni. Nínú fíìmù, ìyàwó bàbá fi ọ̀pá gbé ìránṣẹ́ ṣubú, bàtà fọ́ túútúú, ìkejì ló kù. Bàtà kan náà ni o, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí ti wúwo sí i. Ọ̀rọ̀ Perrault kò gùn, fíìmù gbọ́dọ̀ kún bíi ìṣẹ́jú 75, ìyẹn ló fà á tí àwọn eku, ológbò àti kọ́kọ́rọ́ iyàrá fi gba ààyè púpọ̀.

Nígbà míì ohun tí wọ́n yọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlọ́ fi yí ìtumọ̀. Nínú opera Rossini, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, tó kọ́kọ́ jáde ní Rome ní 1817, kò sí idán. Ọkọ ìyá tó ń jẹ́ Don Magnifico ló dípò ìyàwó bàbá, olùkọ́ ọmọ ọba ló dípò iwin, ẹ̀gbà ọwọ́ ló sì dípò bàtà. Bàtà máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ yìí, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ fún ọmọ ọba, ó ní kó wá òun rí.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ rí ìyàwó bàbá tó burú, kí ẹ sì sọ pé Cinderella nìyẹn. Àwa náà ní àlọ́ ọmọdébìnrin tí orogún ìyá rẹ̀ ń fìyà jẹ, tó dé ibi tí àdó kan ti ń pariwo pé kí wọ́n já òun tí òmíràn sì dákẹ́, tó já èyí tó dákẹ́ tó sì di ọlọ́rọ̀, tí ọmọ orogún náà wá lọ, ó já aláriwo, ó kàgbákò. Àlọ́ tó dùn ni, ṣùgbọ́n ẹbí mìíràn ló ti wá. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń to àlọ́ sí ẹbí-ẹbí pẹ̀lú nọ́ńbà, tí Aarne bẹ̀rẹ̀ ní 1910, tí Thompson mú gbòòrò, tí Uther tún ṣe ní 2004, nọ́ńbà 480 ni ti ọmọ rere àti ọmọ burúkú. 510A ni Cinderella. 510B ni ti ọmọbìnrin tó sá fún bàbá tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ wo nọ́ńbà kí ẹ tó mú ẹ̀dà. Marian Roalfe Cox kó ẹ̀dà 345 jọ nínú ìwé rẹ̀ ní 1893, kí nọ́ńbà wọ̀nyí tó wà, òun náà kò sì da irú méjèèjì yìí pọ̀.

Rhodopis nìyí bákan náà. Strabo ará Gríìsì kọ ọ́ pé idì gbé bàtà obìnrin náà lọ sí Memphis ní Íjíbítì, ó jù ú sórí itan ọba, ọba sì wá ẹni tó ni ín títí ó fi fẹ́ ẹ. Wọ́n máa ń pè é ní Cinderella àkọ́kọ́. Ẹ fi í sínú ìwé onílà yín: kò sí ìyàwó bàbá, kò sí iṣẹ́ àṣekára, kò sí ìjìyà níkẹyìn. Bàtà nìkan ló ní. Ìbátan bàtà ni ẹ lè pè é, ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Perrault fẹ́ kọ “vair”, irun ẹranko, ó wá ṣèèṣì kọ “verre”, gíláàsì. “Verre” ló wà nínú ìwé 1697, ó wà nínú àkọlé gan-an. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni kí ẹ fi wéra.

Èyí tó ń bí ni nínú jù ni ìgbàgbọ́ pé àlọ́ àtijọ́ kún fún ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá ń fi ṣúgà sí i bí ọdún ṣe ń lọ. Ẹ to ìlà ìjìyà ní ọdún-ún-dọ́dún. Perrault 1697: ọmọ náà dárí jì wọ́n, ó sì fún àwọn méjèèjì ní ọkọ láàrin àwọn olóyè ààfin. Grimm 1812: ọ̀kan gé ìka ẹsẹ̀, èkejì gé gìgísẹ̀, ó tán síbẹ̀. Grimm 1819: ẹyẹlé yọ ojú wọn. Láàárín ọdún 122, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ Basile sì rèé, Zezolla, ìyẹn Cinderella tirẹ̀, fúnra rẹ̀ ló fi ìdérí àpótí pa ìyàwó bàbá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́

Ẹ fi kálámù pupa fa ìlà láti àpótí kan sí èyí tó fà á. Àpótí tí ìlà kankan ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Àwọ̀ aṣọ àti orúkọ ológbò máa ń wà níbẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó dára tó fún ojú ewé mẹ́rin. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́, kó tó dárúkọ ẹ̀dà: “Nǹkan kan gbọ́dọ̀ já bàtà náà sílẹ̀. Ní 1697, aago ló já a. Ní 1857, ọ̀dà.” Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ pẹ̀lú “Perrault”, tí èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Grimm”, àkópọ̀ ìtàn méjì ni ẹ kọ, ẹ ò tíì fi wọ́n wéra. Níkẹyìn, ẹ padà sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo gbólóhùn tí ẹ fa yọ, kí ẹ fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.