Bí a ṣe ń ra Mustang tòkunbọ̀ láì ra wàhálà mọ́ ọn

Ẹni tó bá ń wá mọ́tò asáré àlòkù l'Ékòó, kì í pẹ́ tí yóò fi dé ìdí Ford Mustang. Ọ̀pọ̀ èyí tó dára ní Japan àti Britain, apá ọ̀tún ni sítíárì wọn wà, òfin Nàìjíríà kò sì gbà á. Porsche wà lóòótọ́, àmọ́ owó àtúnṣe rẹ̀ lè kó ènìyàn sí gbèsè. Mustang tí Ford ṣe láti 2015 sí 2023 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé níbí.

Púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní ọjà mọ́tò Berger, ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gbá nǹkan. Ẹ má wulẹ̀ bi oníṣòwò bóyá mọ́tò rẹ̀ ti ní ìjàǹbá rí. “Rárá o, ẹ̀gbọ́n, first body ni” ni yóò sọ. Iṣẹ́ yín ni láti wá ibi tó ti gbá nǹkan, bó ṣe le tó, àti irú ọwọ́ tí wọ́n fi tún un ṣe.

1. Ẹ gba nọ́ńbà ṣásí kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ ní kí oníṣòwò ya nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ó tún wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wá wo mọ́tò ná, ẹ wá ẹlòmíì lọ.

Ẹ ka ẹyọ kẹjọ dáadáa, torí òun ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tí mọ́tò náà bá wáyé. F ni V8 lítà 5.0, ìyẹn GT. H ni EcoBoost onísílíńdà mẹ́rin, lítà 2.3. M ni V6 lítà 3.7, tí Ford ṣe títí di 2017. Ẹ ó rí H àti M tí wọ́n lẹ àmì GT mọ́ nídìí, tí wọ́n sì ń dá owó GT lé e lórí láìtijú. Ẹyọ kẹwàá ni ọdún: F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ sínú Google, kí ẹ wo apá àwòrán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán ọjà gbàǹjo máa ń jáde, tí ẹ ó rí mọ́tò yín gan-an pẹ̀lú imú tó ti rún. Tí kò bá jáde, ẹ sanwó Carfax, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta àkọsílẹ̀ ìtàn mọ́tò. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ Salvage sí, adójútòfò ló ti wò ó pé owó àtúnṣe rẹ̀ kò tọ́ sí i mọ́. Èmi lè ra Salvage tó gbá iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ dáadáa. Ibi tí wọ́n bá kọ Flood sí, ìyẹn pé omi ti bò ó rí, mi ò ní bá wọn ná an rárá. Ìjì Harvey ní Texas lọ́dún 2017 àti Ian ní Florida lọ́dún 2022 rì ọ̀pọ̀ mọ́tò, wáyà tí omi bá sì ti wọ̀, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n.

2. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò lọ́sàn-án gangan

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ dúró kó gbẹ, omi máa ń bo àṣìṣe ọ̀dà mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síbi iná ẹ̀yìn, kí ẹ fi ojú tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí iwájú. Ibi tí òjìji bá ti wọ́, páńẹ́lì bítà ti dé ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n fi fílà dí, ìyẹn ohun tí páńẹ́lì bítà ń fi dí ojú ibi tó tẹ̀, torí mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ọgbọ́n tó dára ni, àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Mustang yìí àti fẹ́ńdà iwájú rẹ̀ méjèèjì, alumíníọ́mù ni. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ní lẹ̀ mọ́ wọn bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kàn wọ́n rí. Tó bá wá lẹ̀ mọ́ fẹ́ńdà iwájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fẹ́ńdà ọjà ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Ara ilẹ̀kùn àti apá ẹ̀yìn ni kí ẹ ti lò ó.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà tó bó lórí nọ́ọ̀tì fẹ́ńdà fi hàn pé sípánà ti débẹ̀. Ìyẹn nìkan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ohun tó yẹ kó lé yín sá ni kí irin gbọọrọ tó gbé ẹ́ńjìnnì ká, tàbí kí ẹ rí ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, táyà rẹ̀ yóò máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí láé.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpẹ̀kun rẹ̀: ẹrẹ̀ tàbí ìlà omi máa ń fara pa mọ́ síbẹ̀. Bẹ́líìtì tó há, tí kò fà tàbí tí kò padà, ìjàǹbá ló sábà ń fa ìyẹn. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná láì tẹ bíréèkì. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tó tàn tí kò kú lọ, torí ẹnì kan ló lọ pa á lẹ́nu mọ́.

3. Ẹ́ńjìnnì tútù, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò, kí ẹ tó wà á

Kí ẹ ti sọ fún oníṣòwò tẹ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tan mọ́tò náà kí ẹ tó dé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá gbóná lọ́wọ́ yín, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́. Èéfín aró tí ẹ bá rí nídìí rẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ẹ́ńjìnnì ni.

Rìwáyà tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ni kí ẹ mú lọ. Kó má wo àṣìṣe nìkan o. Kó wo bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń dá ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Tó bá fi hàn pé wọn ò tí ì parí, ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àkọsílẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Tí ẹ bá ń wà á, ẹ fi sítíárì sílẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ẹ sì tẹ bíréèkì. Kò gbọdọ̀ fà sápá kan. Tó bá jẹ́ oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi gíà kẹta sí i nígbà tó ń lọ jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹná mọ́ ọn: tí ẹ́ńjìnnì bá pariwo tí mọ́tò kò sáré sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti tán. Ẹ tún nawọ́ sókè táyà ẹ̀yìn, sínú fẹ́ńdà. Rọ́bà wẹ́wẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ń sọ fún yín pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fẹ́ràn láti máa jó táyà, gíà àti dífù (ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn) ló sì ń jẹ ìyà ẹ̀.

4. Owó àti ìwé

Ẹ má fi gbogbo owó yín ra mọ́tò tán, ẹ fi ti táyà sílẹ̀. GT tó ní Performance Pack, ìyẹn àfikún tí Ford ń ṣe fún eré sísá, táyà iwájú rẹ̀ 255/40R19, ti ẹ̀yìn 275/40R19. Ẹ ò lè fi ọ̀kan dípò èkejì. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ fi ti àtijọ́ ná owó wálẹ̀.

Nọ́ńbà ṣásí tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ti ara mọ́tò mu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. “Ìwé ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” kì í ṣe ìwé. Báńkì ni kí ẹ ti sanwó, kí orúkọ ẹni tó gbà á sì wà lórí ìwé ọjà.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ síbì kankan. V8 ti 2015 sí 2017 ń gba nǹkan bíi lítà 7.6 ti 5W-20 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). EcoBoost ń gba 5W-30, nǹkan bíi lítà 5.4. Mẹkáníìkì lè sọ pé 20W-50 ló bá ooru ilẹ̀ wa mu. Ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ ra èyí tí Ford ní kí ẹ rà.